Zungeru, Baro àti Minna: Ìlú Mẹ́ta Lójú Irin

Bí a bá bi ọmọ wa pé ìlú wo ni olú-ìlú Òkè Ọya láyé òyìnbó, Kàdúná ni yóò wí. Kò parọ́, ṣùgbọ́n kí Kàdúná tó dé, Zungeru ti wà. Nítorí náà ni a ṣe fi ẹ̀kọ́ tòní sí orí ìlú mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Niger, tí púpọ̀ nínú àwọn baba wa gbà kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí a wà yìí.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900 ni Lugard gbé àsíà òyìnbó sókè ní Lọ́kọ́jà. Ó ṣí lọ sí Jẹ́bà, nígbà tó sì di 1902 ó ti fi Zungeru ṣe ibùjókòó ìjọba, nítòsí Wushishi tí í ṣe ìlú àtijọ́. Odò ló fà á débẹ̀. Ọkọ̀ ń ti Odò Ọya wọ Odò Kàdúná, ó ń já ẹrù sílẹ̀ ní Barijuko, ojú irin tóóró kan sì ń gbé e dé Zungeru. Bárékè ọmọ ogun wà níbẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba sì kún fún akọ̀wé láti gúúsù. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ni Nnamdi Azikiwe, tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1904. Abájọ tó fi gbọ́ Hausa láti kékeré! Nígbà tí wọ́n bí Ojukwu síbẹ̀ ní 1933, ìjọba ti kó lọ sí Kàdúná tipẹ́. Kódà afárá irin tí Lugard ń fẹsẹ̀ rìn kọjá, wọ́n tú u, wọ́n gbé e tẹ̀lé e.

Ti Baro tún yàtọ̀. Ní 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti etídò níbẹ̀, ó sì dé Kánò ní 1911. Èrò wọn ni pé òwú àti ẹ̀pà yóò máa ti Baro wọ ọkọ̀ odò lọ sí òkun. Ṣùgbọ́n ojú irin Èkó ń bọ̀ lẹ́yìn: ó dé Jẹ́bà ní 1909, ó sì lọ pàdé ti Baro ní Minna. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a máa fà ní Baro, ọkọ̀ ńlá kì í lè dé ibẹ̀. Ojú irin Èkó kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ òjò. Nígbà tí afárá Jẹ́bà parí ní 1916, tí ọkọ̀ rélùwéè kò tún wọ ọkọ̀ omi sọdá mọ́, Baro di ẹni ẹ̀yìn. Minna, ibùgbé àwọn Gbagyi lẹ́bàá òkè, ló jèrè: oríta ojú irin ni, ó sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1976.

Ẹ kíyè sí i pé ojú irin Èkó kò yẹ Zungeru sílẹ̀ o. Ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kọjá kò tó ìjọba tó jókòó.

Ní 2019 ìjọba ṣí èbúté tuntun ní Baro. Ojú títì tó lọ síbẹ̀ kò dára, odò kò sì jìn tó. Lójú tiwa, ojú títì ni ì bá ṣáájú. Zungeru ní tirẹ̀ ti ní ilé-ẹ̀kọ́ Poly àti ìdídò iná mànàmáná tó tó mẹ́gáwáàtì 700.

Àwa tí baba wa bá ojú irin wá mọ bí ọjà ẹnu ibùdókọ̀ ṣe ń rí nígbà tí rélùwéè bá dákẹ́. Àwọn tó sì lè sọ ìtàn rẹ̀ ń dín kù. Kí ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù ọ̀dọ́ bi àgbà ilé rẹ̀ pé: ibùdókọ̀ wo lẹ ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí lẹ gbé dání, ta ló sì gbà yín sílé? Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó mú un wá.