ÀPÁTA Ń JẸ́RÌÍ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ YÌNYÍN, ILẸ̀ ÀTI OMI

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí, nínú Súrátùl-Gáṣíyà ni Ọlọ́hun ti pè wá pé kí á ronú sí ọ̀rọ̀ òkè àti ilẹ̀. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé irú ìmọ̀ yìí lè ba ìgbàgbọ́ ọmọ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni àpáta. Ohun tí ó kù ni kí á gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ yé.

Ní ilẹ̀ olótùútù, yìnyín a máa kóra jọ títí yóò fi nípọn bí òkè. Bí ó ti ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, òkúta abẹ́ rẹ̀ a máa ha àpáta. Bí yìnyín bá yọ́ tán, a ó bá ilà gbọọrọ-gbọọrọ tí wọ́n jọ kọjú sí ọ̀nà kan náà. Irú ilà bẹ́ẹ̀ wà ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní gúúsù Algeria. Yìnyín ti bo ibẹ̀ rí, ní nǹkan bí 440 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Yìnyín a tún máa fa omi òkun gbẹ. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín pọ̀ láyé, òkun fi nǹkan bí 120 mítà lọ sílẹ̀ ju ti òní lọ. Ẹni tí ó bá dúró sí ibi tí etí òkun Èkó wà lónìí, yóò rìn jìnnà kí ó tó kan omi.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Ní 1731, Anders Celsius, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ooru, fi àmì sára àpáta kan létí òkun Sweden, ní ibi tí omi dé. Lónìí, àmì náà ti ga ju omi lọ dáadáa. Celsius rò pé omi ló ń fà. Àṣé ilẹ̀ ló ń gòkè! Yìnyín tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti yọ́ láti nǹkan bí 10,000 ọdún, ilẹ̀ náà kò sì tíì dẹ́kun dídìde. Òótọ́ ni ẹlẹ́rìí sọ. Ìdájọ́ ni kò tọ́.

Àwa ńkọ́, ní Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́? Àpáta wa náà ń dán, ó sì rí rogodo. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sọ pé yìnyín ló ṣe é. Abẹ́ ilẹ̀ tó jìn, nínú ooru ńlá, ni irú àpáta yìí ti dì. Òjò àti àgbàrá ló ń gbá ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ láti ayébáyé, títí ó fi yọrí síta. Oòrùn àti òjò sì ń bó o ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rí ni a ń gbójú sókè wò lónìí.

Nínú Súrátùl-Isírá, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ mọ́ kéwú. Ẹ sì rántí pé àgbàrá tí ó tú òkè síta kò tíì simi: kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní. Àmín.