Adójútòfò Ìlera fún Ọmọ Tó Ń Gbé Iṣẹ́ Íntánẹ́ẹ̀tì Rẹ̀ Lọ sí Sípéènì



Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé iṣẹ́ òkè òkun, tó sì ń múra láti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Sípéènì, sábà máa ń ka adójútòfò ìlera mọ́ àwọn ìwé tí kọ́ńsúléètì ń béèrè lásán, bí ẹ̀rí owó báǹkì àti ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, yóò sì wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ kí ó lè fi kún fáìlì rẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá fẹ́ kí ọmọ àbúrò rẹ̀ mọ̀ nínú lẹ́tà yìí ni pé ìwé tó tẹ́ kọ́ńsúléètì lọ́rùn lè má wúlò ní ọjọ́ àìsàn, àti pé nítorí ara tí yóò máa gbé ní Sípéènì ló ṣe yẹ kí ènìyàn ra adójútòfò, kì í ṣe nítorí òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù.

Adójútòfò ìlera jẹ́ àdéhùn láàrin ènìyàn àti ilé iṣẹ́ kan, nínú èyí tí ènìyàn ń san iye owó kan lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, tí ilé iṣẹ́ náà yóò sì ru ìnáwó ilé ìwòsàn nígbà tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá dé. Òfin 28/2022, tí Sípéènì ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ni ó la ọ̀nà físà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, nípa fífi abala tuntun kún Òfin 14/2013, òfin àtẹ̀yìnwá yìí sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ irú físà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera ti ìjọba, tàbí ti aládàáni láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ láti ṣòwò adójútòfò ní Sípéènì. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dáadáa, nítorí ilé iṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè máà ní àṣẹ rárá ní Sípéènì. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dirección General de Seguros y Fondos de Pensiones, ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó ní àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ènìyàn ti wo orúkọ ilé iṣẹ́ kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Adójútòfò ìrìn-àjò yàtọ̀ sí adójútòfò ìlera, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn sún mọ́ra. Ti ìrìn-àjò ni àwọn tó ń gba físà Schengen ọlọ́jọ́ kúkúrú, tí kò ju 90 ọjọ́ lọ, ń rà, òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì ní kí ó lè san 30,000 yúrò ó kéré tán fún àìsàn òjijì, fún ìtọ́jú pàjáwìrì, àti fún gbígbé aláìsàn tàbí òkú padà sílé. Ẹni tó lọ ṣe ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lè rí i pé ó tó, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílò dókítà tí yóò máa yẹ ara rẹ̀ wò láìsí pé àìsàn dá a dùbúlẹ̀, irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú ohun tí adójútòfò ìrìn-àjò wà fún. Èyí tó wà nílé náà kò lè bá a kọjá òkun. Òfin NHIA ti oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ètò Ìlera Èkó sì wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn ilé ni ètò wọ̀nyí wà fún.

Ọ̀rọ̀ èdè Sípéènì méjì wà tí ó yẹ kí ojú arìnrìn-àjò máa wá nínú ìwé àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ni copago, èyí tí í ṣe owó tí aláìsàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san nígbàkígbà tí ó bá rí dókítà tàbí tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti san owó adójútòfò tẹ́lẹ̀. Èkejì ni carencia, ìyẹn iye oṣù tí ó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí ènìyàn ra adójútòfò kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún irú ìtọ́jú kan; fún ìbímọ, oṣù 8 tàbí oṣù 10 ni ó wọ́pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé obìnrin tó ti lóyún kí ó tó rà á lè bímọ kí àkókò náà tó pé, kí gbogbo ìnáwó ìgbẹ̀bí sì já lé e lórí. Àwọn kọ́ńsúléètì Sípéènì sábà máa ń béèrè ìwé tí kò ní copago, tí kò sì ní carencia, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí tí owó rẹ̀ kéré, tí wọ́n ń polówó fún gbogbo ènìyàn, sábà máa ń ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Kí ẹni tó ń rà á gba ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà ní èdè Sípéènì tó sọ ọ́ láìfi bò, kí ó sì béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ọdún kan tí ó san lẹ́ẹ̀kan náà bí kọ́ńsúléètì kò bá fún un ní físà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù lọ ni ìwé ìbéèrè nípa ìlera, tí wọ́n ń pè ní cuestionario de salud, níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń béèrè àìsàn tí ènìyàn ní, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un, àti oògùn tí ó ń lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ dàgbà pé àṣírí ara kì í ṣe ohun tí à ń sọ fún ẹni tí a kò mọ̀, ìtọ́ni yìí sì ní ìdí tirẹ̀ láàrin àdúgbò, ṣùgbọ́n ó lè ba ayé ènìyàn jẹ́ níwájú ìwé àdéhùn. Abala 10 nínú Òfin 50/1980, tí ó ń darí àdéhùn adójútòfò ní Sípéènì, sọ pé ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ dáhùn ohun tí wọ́n bá béèrè ní òtítọ́, pé ilé iṣẹ́ lè fagi lé àdéhùn láàrin oṣù kan tí ó bá mọ̀ pé ìdáhùn kò péye, àti pé bí ẹni náà bá mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bá pọ̀ lápọ̀jù, ilé iṣẹ́ kò ní gbèsè kankan láti san. Òfin kan náà dáàbò bo ẹni tó ń rà á, nítorí ohun tí wọn kò béèrè, kò di dandan kí ó sọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá béèrè, kódà bí ilé iṣẹ́ kan bá tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́ tàbí tí ó bá fi kún owó rẹ̀. Ó sàn kí ó gbọ́ bẹ́ẹ̀kọ́ nígbà tí ó ṣì wà nílé, tí ó sì lè wá ilé iṣẹ́ mìíràn, ju kí ó gbọ́ ọ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Madrid tàbí Valencia, lẹ́yìn tí ó ti san owó oṣù mélòó kan fún ìwé tí kò lè gbà á. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń sọ pé kí ó fi bẹ́ẹ̀kọ́ dáhùn gbogbo ìbéèrè náà kí físà lè tètè jáde jẹ́ ìmọ̀ràn búburú, kò sì yẹ kí ó gbọ́ ọ.

Adójútòfò aládàáni kì í ṣe ìpẹ̀kun ọ̀nà. Níwọ̀n bí kò ti sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ láàrin Nàìjíríà àti Sípéènì, ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ yóò wọ inú ètò ti Sípéènì, yálà kí ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sá fún, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ bí autónomo, ìyẹn ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, tí owó oṣooṣù rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 80 yúrò láti ọdún 2023 sí 2025. Owó yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ìjọba fún un, èyí tí kì í bi ènìyàn léèrè àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ fagi lé ti aládàáni títí káàdì ìlera ìjọba yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Fún ẹni tí kò bá sì rí ọ̀nà yìí gbà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní convenio especial, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 2013, níbi tí ẹni tó ti gbé Sípéènì fún odidi ọdún kan pẹ̀lú orúkọ nínú ìwé àwọn olùgbé àdúgbò lè máa san 60 yúrò lóṣù bí kò bá tíì pé ọdún 65, tàbí 157 yúrò bí ó bá ti pé e, kí ó lè máa gba ìtọ́jú ìjọba, àmọ́ òun ni yóò máa fi owó ara rẹ̀ ra oògùn ní ilé oògùn.

Oògùn pẹ̀lú ní ìlànà tirẹ̀. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí kò tó; orúkọ oògùn gan-an, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Sípéènì, ni kí dókítà ilé kọ sínú ìwé, nítorí hydroxyurea tí àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ń lò, hidroxicarbamida ni wọ́n ń pè é ní Sípéènì. Ohun mìíràn tí ó kan ẹ̀mí ni ibà. Láti ọdún 1964 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti jẹ́rìí sí i pé ibà ti kúrò nílẹ̀ Sípéènì, nítorí náà dókítà tó rí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lè rò pé òtútù lásán ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ibà tí ẹ̀fọn gbé sí ènìyàn lára ní Ìbàdàn lè dúró títí di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó fara hàn. Bí ara arìnrìn-àjò bá gbóná ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì kọ́kọ́ sọ pé Nàìjíríà ni òun ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún ibà. Nọ́ńbà 112 ni à ń pè fún pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àgbà kì í fẹ́ sọ fún ọmọ, ṣùgbọ́n dídákẹ́ nípa rẹ̀ kò ṣe ẹbí kankan láǹfààní. Adójútòfò ìlera lè san gbogbo owó ilé ìwòsàn kó má sì san owó gbígbé aláìsàn tàbí òkú wálé, ìyẹn sì ni ìnáwó tó ń sọ ọ̀pọ̀ ẹbí di ẹni tó ń gbé fọ́tò kiri íntánẹ́ẹ̀tì láti tọrọ ìdáwó. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àdéhùn ni repatriación. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí arìnrìn-àjò rà á lọ́tọ̀. Kí ó sì fi ẹ̀dà ìwé náà, nọ́ńbà àdéhùn àti nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ adójútòfò náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àti sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí bí òun kò bá lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ni ilé ìwòsàn yóò pè.

Ẹ̀gbọ́n ìyá