Tẹ́rẹ́ẹ̀dì Pílọ́ọ̀gì Jẹ: Ṣé Ẹ́ńjìnì Tuntun Ló Kàn?

Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn, tó ń bójú tó pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ kan, ló kọ̀wé sí wa lórí tirakítọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gé koríko níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì Briggs & Stratton àtijọ́, onísílíńdà kan, ló wà lára rẹ̀. Ó ní pílọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í fún mọ́: bí wọ́n ṣe ń dè é ló ń yí lófo. Nígbà tí wọ́n fipá ta ẹ́ńjìnì náà, pílọ́ọ̀gì fò jáde bí òkò kànnàkànnà. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù irin lẹ̀ ẹ́. Èkejì ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?" ni ọ̀gbẹ́ni náà béèrè, ó wá fi kún un pé pílọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ làwọn ń lò sí i láti ọdún tó kọjá, kò sì fún àwọn ní wàhálà kankan.

Kò sí èyí tó yẹ kó gbà nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ pílọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ tó sọ kẹ́yìn yẹn gan-an ló tú àṣírí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láti ọdún 1953 ni ilé iṣẹ́ Briggs & Stratton, tó wà ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ti ń fi alumíníọ̀mù rọ ẹ́ńjìnì kékeré. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó sì tètè ń tú ooru dànù, ohun tó dára gan-an fún ẹ́ńjìnì tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń tù ú. Àmọ́ ó rọ̀ ju irin lọ, irin sì ni ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti ń ha ara wọn, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ.

Pílọ́ọ̀gì tí ẹ́ńjìnì irú èyí fẹ́, bíi Champion J19LM, kúrú lẹ́sẹ̀: mìlímítà 9.5 péré ni ibi tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì. NGK BPR6ES tó kún ọjà, èyí tó bá Honda GX160 àti ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ẹ́ńjìnì yẹn ṣe àwòkọ́ mu, ẹsẹ̀ tirẹ̀ gùn tó mìlímítà 19. Àwọn méjèèjì fẹ̀ bákan náà, mìlímítà 14. Àlàfo àárín eyín tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn rí bákan náà, mìlímítà 1.25. Sípánà kan náà ló ń tú wọn. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ dè é kò lè mọ̀ pé òun ti gbé nǹkan tí kò yẹ síbẹ̀, nítorí yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí pílọ́ọ̀gì gígùn yẹn kò bá tilẹ̀ kan fáàfù tàbí písítìnì, ìdajì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ sínú iná. Èédú ń lẹ̀ mọ́ àwọn eyín tó wà níta yìí, ó ń gan síbẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá fẹ́ tú u, eyín tó ti kún fún èédú yẹn ni wọn yóò fi ipá fà gba inú ihò alumíníọ̀mù kọjá. Ohun tó jẹ tẹ́rẹ́ẹ̀dì òǹkàwé wa nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Bí wọ́n bá sì máa ń tú u nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń gbóná, ọ̀ràn ti di méjì.

Ẹ jẹ́ ká wo ti gọ́ọ̀mù. Ẹ́ńjìnì onísítírókù mẹ́rin tó ń yí nígbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan máa ń dáná lẹ́ẹ̀kan láàárín ìyípo méjì, ìyẹn ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, ọgbọ̀n ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìfúnpá inú sílíńdà bá tó ìlọ́po ogún ti afẹ́fẹ́ ìta, agbára tó ń ti ìdí pílọ́ọ̀gì yóò ju ẹrù kílò 30 lọ. Gọ́ọ̀mù wo ni yóò fara da ìyẹn pẹ̀lú ooru? Táyíìpù àwọn pọ́ńbà àti bébà fàdákà inú páálí sìgá tí àwọn kan máa ń wé mọ́ ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì pẹ̀lú, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń rà. Gọ́ọ̀mù tilẹ̀ tún burú jù wọ́n lọ, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ gidi lẹ́yìn náà ni yóò kọ́kọ́ jókòó fá a kúrò.

Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Bó bá jẹ́ eyín kan tàbí méjì ní ẹnu ihò ló ṣẹ́, tí ìyókù sì mú, ọgbọ́n àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ lè tó: wọ́n á mú ògbólógbòó pílọ́ọ̀gì tó kúrú lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi ayùn irin la ojú ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lóòró, wọ́n á fi gíríìsì kùn ún, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ dè é wọlé díẹ̀díẹ̀ kó lè tún ojú ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n pílọ́ọ̀gì tó ti fò jáde kò bá ìyẹn lọ mọ́. Búùṣì onírin, tó máa ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun nínú, ló kù fún un.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé àwòrán tí òǹkàwé wa fi ránṣẹ́ fi hàn pé ẹ́ńjìnì onífáàfù-ẹ̀gbẹ́ ni, ìyẹn irú èyí tí fáàfù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà. Kò sí fáàfù kankan nínú tọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn ìdérí sílíńdà tí pílọ́ọ̀gì ń wọ̀ sí; bóòtì àti gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló so ó mọ́ ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù náà kúrò. Àwọn kan máa ń gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun sórí ẹ́ńjìnì láìtú u, wọ́n á ní àwọn fi gíríìsì sẹ́nu táàpù, ìyẹn irin tó ń gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì, kí èérún alumíníọ̀mù lè lẹ̀ mọ́ ọn. Lára ẹ́ńjìnì tí tọ́ọ̀pù rẹ̀ rọrùn láti tú tó báyìí, ọ̀lẹ lásán nìyẹn. Èérún díẹ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀ ti tó láti ha ògiri sílíńdà. Bóòtì tọ́ọ̀pù lè má gùn bákan náà, kí wọ́n gún ihò sí páálí kí wọ́n sì to wọ́n síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n.

Oríṣi búùṣì méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ni wáyà irin tí kì í dípatà, tí wọ́n ká róbótó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Heli-Coil. Èkejì, irú bíi Time-Sert, jẹ́ ọpọ́n irin kan ṣoṣo tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì nínú àti lóde, tó sì ní ètè lókè tí kò ní jẹ́ kó rì. Wáyà dára fún bóòtì tí wọn kì í tú lemọ́lemọ́. Ní ti pílọ́ọ̀gì, ọpọ́n ló sàn jù, nítorí wáyà lè bá pílọ́ọ̀gì jáde lọ́jọ́ kan tí èédú bá so wọ́n pọ̀.

Bí òǹkàwé wa kò bá rí búùṣì tí wọ́n dì pọ̀ pẹ̀lú táàpù rẹ̀ rà, onílẹ́ẹ̀tì tó mọ iṣẹ́ lè gbẹ́ ọ̀kan. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Àwọn kan á ní kí ìta búùṣì jẹ́ mìlímítà 16. Ẹ má gbà, nítorí pílọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ 14: bí wọ́n bá gé eyín sínú àti síta irú búùṣì bẹ́ẹ̀, kò sí irin kankan tó máa kù láàárín. Kí ìta jẹ́ 18 pẹ̀lú àlàfo eyín 1.5, ìyẹn á fi nǹkan bíi mìlímítà kan sílẹ̀ láàárín. Ihò tí wọ́n máa kọ́kọ́ lu sí tọ́ọ̀pù kí táàpù 18 tó wọ̀ ọ́ jẹ́ 16.5. Lábẹ́ ẹ̀rọ ìlu-ihò tó dúró sójú kan ni kí wọ́n ti lù ú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́, torí ihò tó bá wọ́ yóò mú kí pílọ́ọ̀gì jókòó wọ́, iná yóò sì máa jò lábẹ́ rẹ̀. Kẹrosíìnì ni kí wọ́n máa kán sí táàpù. Ó bá alumíníọ̀mù lára mu dáadáa.

Gígùn búùṣì kò gbọ́dọ̀ ju 9.5 lọ. Èyí tó bá yọ sínú ibi tí iná ti ń jó yóò pọ́n, yóò sì máa tan bẹntiróò kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó ń fara da ooru tó 230°C kun ìta búùṣì nìkan (gọ́ọ̀mù ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbí), kí wọ́n sì jẹ́ kó gan dáadáa.

Bí wọ́n bá ń dá tọ́ọ̀pù padà, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì máa de bóòtì ní ìdojúkọra, díẹ̀díẹ̀. Pílọ́ọ̀gì kúkúrú ni kó wọlé, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.76. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi dè é títí yóò fi jókòó, lẹ́yìn náà kí sípánà fi ààbọ̀ ìyípo kan kún un. Ẹni tó bá ní sípánà tóòkì, 20 Nm ti tó. Bí ẹ́ńjìnì bá jí, kí wọ́n pa á, kí wọ́n jẹ́ kó tutù, kí wọ́n da omi ọṣẹ sí ìdí pílọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì fi ọwọ́ fa okùn rẹ̀ tàbí yí i. Bí kò bá hó, iṣẹ́ ti parí.

Ìgbà kan ṣoṣo tí búùṣì kò fi lè ràn án lọ́wọ́ ni bí tọ́ọ̀pù bá ti sán láti ẹnu ihò náà. Nígbà yẹn pàápàá, tọ́ọ̀pù àlòkù nìkan ni kó wá ní ọjà Agodi Gate ní Ìbàdàn, kì í ṣe odidi ẹ́ńjìnì. Ní báyìí, kí òǹkàwé wa tú tọ́ọ̀pù náà, kó ra pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kan, kó sì gbé méjèèjì lọ fún onílẹ́ẹ̀tì pọ̀, kí ó lè wọn búùṣì náà mọ́ pílọ́ọ̀gì gan-an tó máa wọ inú rẹ̀.