Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ PÍKỌ́Ọ̀PÙ BÁ DI Ọ̀LẸ, Ẹ KỌ́KỌ́ WO TÁYÀ

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi píkọ́ọ̀pù kó iṣu, kòkó àti gàrì. Owó ẹ̀yáwó ni àwọn míì fi rà á, wọn kò sì tíì san án tán. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá di ọ̀lẹ, tí kò lè gun òkè mọ́, ọkàn ẹni kì í balẹ̀. Wọ́n lè ní ká tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ dúró ná! Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti ki táyà ńlá sí i ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì má lẹ́ṣẹ̀ rárá.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti wọn jíà mọ́ gíga táyà. Ká ní táyà àtijọ́ ga ní ínǹṣì 27, tí tuntun ga ní 31. Kí ọkọ̀ tó rin kìlómítà kan, táyà àtijọ́ á yí ní nǹkan bí ìgbà 464, tuntun á yí ní bí ìgbà 404 péré. Yíyí kọ̀ọ̀kan ti gùn sí i ní bíi 15 nínú 100, agbára ẹ́ńjìnnì kò sì pọ̀ sí i. Ọmọdé wọ bàtà bàbá rẹ̀ ni: á rìn, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré.

Mítà náà á máa purọ́. Bó bá ka eré 80, bíi 92 ni ẹ ń sá. Bó bá ka 100 kìlómítà, ẹ ti rin bíi 115. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé awakọ̀ ń jí epo, ẹ tún ìṣirò yín ṣe.

Báyìí ni kí ẹ ṣe wá ìdí rẹ̀:

1. Ẹ wọn táyà láti ilẹ̀ dé òkè. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n kọ ìwọ̀n tó yẹ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀.

2. Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lápá ọ̀tún àti òsì. Ṣé táyà ń ha ara ọkọ̀?

3. Lẹ́yìn ìrìn, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ rímù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó gbóná ju ìyókù lọ, búréèkì rẹ̀ lè máa di í mú.

4. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí eré kò pọ̀ sí i, tí òórùn ohun tó jó sì ń jáde, kíláàṣì ló ń yọ̀. Táyà ńlá a máa tètè jẹ ẹ́.

5. Ẹ yẹ fíítà epo àti ti afẹ́fẹ́ wò. Eruku lè ti dí wọn.

6. Ẹ dá táyà àtijọ́ padà, ẹ kó ẹrù kan náà gun òkè kan náà. Bí agbára bá padà, ẹjọ́ ti parí. Bí kò bá padà, ìgbà náà ni kí mẹkáníìkì wá wo ẹ́ńjìnnì.

Táyà tó bá ìwọ̀n mu ni oògùn tó rọrùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí tó ga sílẹ̀ ní láti pààrọ̀ jíà inú ẹ̀yìn ọkọ̀, owó sì ni. Kí ó tó ṣe é, kí ó dín ẹrù kù, kí ó fi jíà kékeré gun òkè, kí ó sì tètè máa tẹ búréèkì, nítorí táyà ńlá kì í tètè dúró.

Owó tí a kò bá ná sórí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le, ẹ jẹ́ ká fi san ẹ̀yáwó wa.