Bí Owó Ṣe Ń Jò Nínú Eré Ọkọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Castleridge, ní Calgary níbí, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù wo bí owó ṣe ń jò nínú eré ọkọ̀. Irú ọkọ̀ eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní gbangba, tí bọ́dì kankan kò bò wọ́n, tí awakọ̀ kan ṣoṣo sì ń jókòó sí àárín rẹ̀. Òun ni wọ́n ń lò nínú Formula 1 àti IndyCar. Lónìí, kò sí pápá kan nínú Calgary tí ẹ ti lè lọ wo eré bẹ́ẹ̀. Pápá eré Race City, tí wọ́n ṣí ní gúúsù-ìlà-oòrùn ìlú lọ́dún 1985, orí ilẹ̀ ìjọba ìlú ló wà. Nígbà tí àdéhùn ilẹ̀ náà parí, wọ́n tì í pa lọ́dún 2011. Edmonton, tó wà ní nǹkan bí 300 kìlómítà sí wa, ni a ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ wa.

Ọdún 2005 ni eré ńlá ti irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ dé Edmonton, lórí ojú ọ̀nà tí bàálù ń gbà nígbà náà ní pápákọ̀ òfurufú àárín ìlú. Sébastien Bourdais ló gba ipò kìíní. Iye àwọn tó wá wòran láàárín ọjọ́ mẹ́ta lé ní 200,000. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn. Síbẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀, Northlands tó ń ṣètò eré náà ti pàdánù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì yọwọ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Octane láti Montréal gbà á lọ́dún 2011. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì kò tà tó, kò sì sí onígbọ̀wọ́ ńlá tí yóò fi orúkọ rẹ̀ sí i. Eré ọdún 2012 tí Hélio Castroneves borí ló di ìkẹyìn.

Báwo ni èrò ṣe lè pọ̀ tó báyẹn kí owó má sì sí? Ẹ ronú nípa ẹni tó ń ṣe ìnáwó tó sì pe gbajúmọ̀ olórin. Olórin ti gba owó rẹ̀ kó tó dé. Bí òjò rọ̀, bí àlejò kò wá, tirẹ̀ ti wọlé. Onínàáwó ló ń forí fá a lórí àgọ́, ìjókòó àti oúnjẹ. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbàlejò eré ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó ń san owó ìyọ̀ǹda fún àjọ tó ni eré náà. Lẹ́yìn èyí, ó tún gbọ́dọ̀ to ògiri kọnkéré àti wáyà yí ojú ọ̀nà ká, kó ṣe ìjókòó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kó gba dókítà, panápaná àti ẹ̀ṣọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀ yóò fi wúlò, wọn yóò sì tún sanwó láti tú u. Tíkẹ́ẹ̀tì àti onígbọ̀wọ́ ló kù tó lè gbára lé. Èrò tèmi ni pé kí àjọ náà dín owó ìyọ̀ǹda kù, kí wọ́n wá máa gba ìpín nínú tíkẹ́ẹ̀tì, kí àdánù àti èrè jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Bí àìtà tíkẹ́ẹ̀tì bá kan àjọ náà lápò, wọn yóò bá olùgbàlejò polówó.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń sáré ni ibi kejì tí owó ti ń jò. Ẹgbẹ́ tó bá lówó jù ni yóò ra ìṣẹ́jú-àáyá tó kù, àwọn yòókù yóò sì jẹ gbèsè kí wọ́n lè bá a. Lọ́dún 2014, Caterham àti Marussia kó sí gbèsè nínú Formula 1 títí wọn kò fi lè parí ọdún bó ṣe yẹ. Ọdún 2021 ni Formula 1 tó fi gbèdéke sí ìnáwó: mílíọ̀nù 145 dọ́là Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún náà, owó oṣù awakọ̀ kò sí nínú rẹ̀. IndyCar gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2012, Dallara ti Ítálì ló ń ṣe ṣásísì, ìyẹn egungun ọkọ̀, kan náà fún gbogbo ẹgbẹ́, Honda àti Chevrolet sì ń yá wọn ní ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ń ráhùn pé ọkọ̀ tó bára mu ń pa ọgbọ́n àtinúdá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bára mu ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ kékeré lè borí ẹgbẹ́ ńlá, òǹwòran kì í sì í fẹ́ wo eré tó ti mọ ẹni tí yóò borí.

Ní ti òkìkí eré yìí ní Amẹ́ríkà, ìjà abẹ́lé ló bà á jẹ́. Lọ́dún 1996, Tony George tó ń darí pápá Indianapolis dá eré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ya àyè 25 nínú 33 tó wà nínú eré ńlá ọdọọdún ti Indianapolis sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá ń bá a sáré déédéé. CART, àjọ tó ti wà tẹ́lẹ̀, lọ ṣe eré tirẹ̀ ní Michigan lọ́jọ́ eré Indianapolis náà gan-an. Ẹ rò ó wò: àwọn awakọ̀ tí aráyé mọ̀ wà níhìn-ín, eré tí aráyé mọ̀ wà lọ́hùn-ún. Òǹwòran kò mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé, onígbọ̀wọ́ gbé owó rẹ̀ lọ sí NASCAR, irú eré ọkọ̀ mìíràn, CART sì wọ gbèsè. Ọdún 2008 ni wọ́n tó parí ìjà, lẹ́yìn ọdún méjìlá, nígbà tí àwọn ọmọ tí ì bá dàgbà sínú ìfẹ́ eré náà ti mọ eré mìíràn.

Ohun kan wà tí Calgary mọ̀ ọ́n ṣe tó yẹ kí eré ọkọ̀ kọ́. Lọ́dún 1979 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tápólì kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń sáré ní Stampede, àjọ̀dún ńlá ìlú wa, ní gbàǹjo. Ilé-iṣẹ́ tó bá dá owó tó pọ̀ jù ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí tápólì awakọ̀ kan fún gbogbo alẹ́ mẹ́wàá eré náà, apá tó pọ̀ jù nínú owó náà sì ń bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀. Lọ́dún 2012, àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là. Àwọn tó ń ra tápólì mọ awakọ̀ náà lójú, wọ́n mọ ẹbí rẹ̀. Àbùkù kan wà nínú rẹ̀: nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, iye tí wọ́n ń dá já wálẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké sàn ju ilé-iṣẹ́ epo kan ṣoṣo lọ.

Ó kan ẹ̀yin náà. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kàtì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ńlá fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń fi í sáré ní Calgary sì ń lọ sí Strathmore, ní ìlà-oòrùn wa. Táyà àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń náni lówó gan-an, ibẹ̀ ni ọmọ òṣìṣẹ́ ti ń padà sílé. Lọ́dún 2020, Roger Penske, tó ti ra IndyCar, bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti inú rẹ̀ ni Myles Rowe ti rí ọkọ̀ wà, ó sì gba ife USF Pro 2000, ìpele kan lójú ọ̀nà IndyCar, lọ́dún 2023. Awakọ̀ ọ̀dọ́ kan, Ugo Ugochukwu, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Oluchi Onweagba, ọmọ Nàìjíríà tó borí nínú ìdíje Face of Africa lọ́dún 1998, borí nínú eré ọkọ̀ Macau lọ́dún 2024. Bí ìyá tó ń ta oúnjẹ wa, mẹkáníìkì àti onígbàjámọ̀ ní àríwá-ìlà-oòrùn ìlú wa bá pawọ́ pọ̀ ra táyà fún ọmọ kan fún ọdún kan, kí orúkọ wọn wà lára kàtì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá sáré, àwọn oníbàárà wọn yóò ní ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ wò.