Bí Oyún Bá Ju Ọmọ Méjì Lọ: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ilé Mọ̀

Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbajúmọ̀ káyé nítorí ìbejì, kò sì sí àdúgbò wa tí kò ní ìyá ìbejì. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń wo ìbẹta àti ìbẹrin. Ewu wà níbẹ̀.

Oyún ọmọ kan máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40. Ìbẹta sábà máa ń dé ní bíi ọ̀sẹ̀ 32 sí 33, ìbẹrin a sì tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀fóró irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má tíì gbó, kò lè mu ọmú dáadáa, òtútù sì máa ń tètè mú un. Ní ti ìyá, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè di gìrì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu ju aláboyún mìíràn lọ. Bó bá bímọ tán, ilé ọmọ tó ti fẹ̀ jù kì í tètè sún kì, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà.

Lọ́dún 2021, Halima Cissé láti Màlì bí ọmọ mẹ́sàn-án ní Casablanca, lórílẹ̀-èdè Mòrókò. Ọ̀sẹ̀ 30 ni oyún náà wà, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, gbogbo ọmọ náà ló sì yè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀: oṣù kan àti díẹ̀ ṣáájú ìbímọ ni wọ́n ti gbé e débi tí irinṣẹ́ wà. Wọn kò dúró de ìrọbí kí wọ́n tó gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹ ṣe skáànù kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14. Yóò fi iye ọmọ hàn, àti bóyá wọ́n jọ ń pín olóbi kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ọmọ mẹ́ta bá dé ní ọ̀sẹ̀ 32, ṣé ẹ ní ibi tí ẹ máa tọ́jú gbogbo wọn sí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà?" Bí kò bá sí, ẹ wá ilé ìwòsàn ńlá báyìí. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún ìyá kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó. Ẹni tó tètè dé ló ń ràn lọ́wọ́.

Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ wíwú, inú rírun lókè ikùn, ẹ̀jẹ̀, tàbí omi tó já: ẹ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà lóru. Ẹ má dúró de baálé ilé. Kí ẹ ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí ọkọ̀, owó àti ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má ra oògùn tó ń mú ẹyin jáde láìsí dókítà. Ó wà lára ohun tó ń fa irú oyún yìí. Ẹni tó fẹ́ ṣe IVF, ìyẹn oyún tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lóde ara kí wọ́n tó fi sínú obìnrin, kó bi dókítà pé ọlẹ̀ mélòó ni wọ́n fẹ́ fi sínú òun.

Bí ọmọ kéékèèké bá délé, ẹ wọ fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí nìkan fún un, ẹ gbé e lé àyà láàárín ọmú, ara sí ara. Ẹ yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí imú má dí, kí ẹ wá fi ọ̀já gbá a mọ́ àyà. Àyà ìyá kò lè gba ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí bàbá àti ìyá àgbà náà gbé tiwọn. Ẹ má fún wọn lágbo tàbí omi. Wàrà ìyá ni kí ẹ fún wọn; bí wọn kò bá lè mu ọmú, ẹ fún wàrà náà sínú kọ́ọ̀bù kí ẹ fi bọ́ wọn.

Ẹ má gbàgbé ìyá náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn kíákíá.