Ẹ Má Tíì Tú Ẹ̀rọ Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ra ẹ̀rọ lathe kékeré sílé, ohun kan ni mo ń rí lemọ́lemọ́: ẹ̀rọ kò tíì gé irin kan, ẹ ti ń tú u láti fi jíà onírin rọ́pò ti oníke. Ẹ ní sùúrù. Jíà oníke yẹn ló máa ń kọ́kọ́ fọ́ bí irin bá há, kí ìyà má baà jẹ mọ́tò. Mọ́tò ló sì wọ́n jù.

Ẹnu ọ̀bẹ tó ń gé irin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ pa iná ẹ̀rọ, kí ẹ fi rúlà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ẹnu ọ̀bẹ àti irin róbótó tí chuck dì mú, kí ẹ rọra tì í. Bí rúlà bá dúró ṣánṣán, ọ̀bẹ ti bọ́ sí ọ̀gangan àárín irin. Bí orí rúlà bá tẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ọ̀bẹ ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ fi páànù pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Bó bá tẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀bẹ ga jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ ń bú ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín, ibí yìí ni wàhálà wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún àwọn bóòtù kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń gbé ọ̀bẹ rìn, kí ibẹ̀ má mì mọ́, kó ṣì máa lọ geere.

Kọ́kọ́rọ́ chuck ńkọ́? Bó bá ti wà lójú ihò rẹ̀, ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Mo ti rí èyí tó fò kọjá etí ènìyàn. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì fọwọ́ fa eérún irin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ náà gé irin fún oṣù díẹ̀ ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan jíà.